Bí A Ṣe Ń Mú Ẹyin Ẹlẹ́dẹ̀ Gbó Nínú Àwo, àti Ohun Tí Rìsẹ́pítọ̀ Ń Ṣe Ní Ìgbésẹ̀ Kọ̀ọ̀kan

Ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn họ́mónù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá da FSH àti LH, họ́mónù méjì tó ń mú ẹyin dàgbà tó sì ń mú un gbó, sínú àwo tí ẹyin ìhòòhò wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹ kò da nǹkan kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó yí ẹyin ká, tí wọ́n ń pè ní cumulus, ni wọ́n ní rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn àwọn purotéènì tó dúró lára sẹ́ẹ̀lì láti gba iṣẹ́ tí họ́mónù bá wá jẹ́. Àwọn ni alárinà. Wọ́n á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹyin nínú. Ẹni tó bá ń rántí èyí ní gbogbo ìgbésẹ̀ yóò rí ẹyin tó gbó dáadáa. Ẹni tó kàn há ìlànà sórí yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí àwo ti òní fi dára tí ti ọ̀la sì bàjẹ́.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, fún dókítà ẹran, àti fún ẹni tó fẹ́ wọ láàbù tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1965 ni Robert Edwards, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2010, fi hàn pé ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ lè gbó lóde ara, òun àti ti eku, àgùntàn, màlúù, ọ̀bọ àti ènìyàn. Lọ́dún 1989, Mattioli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bí láti ara ẹyin tó gbó, tí àtọ̀ sì wọ̀, nínú àwo. Lónìí, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ń rí ẹyin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà. Ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà fi sí àyà ènìyàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹlẹ́dẹ̀

Láti ìgbà tí abo ẹlẹ́dẹ̀ ti wà ní ọmọ jòjòló ni ẹyin inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín, tó sì dúró sójú kan. Kóró rẹ̀, àpò inú ẹyin tó gbé àbùdá dání, wà lódindi. Ohun tó dá a dúró ni cAMP, kẹ́míkà kékeré kan tó pọ̀ nínú ẹyin. Rìsẹ́pítọ̀ tó ń ṣọ́ ìdádúró yìí ni NPR2, ara cumulus ló sì wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì granulosa tó tẹ́ ògiri fọ́líkù (fọ́líkù ni àpò omi kékeré tí ẹyin ń gbé) ń tú purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ CNP jáde. Bí CNP bá dé ara NPR2, cumulus á ṣe cGMP. cGMP á gba àwọn ihò tíntìntín tó so cumulus mọ́ ẹyin wọlé, á sì dá ẹ́ńsáìmù PDE3A lọ́wọ́ kọ́, ẹ́ńsáìmù tí ìbá ti jẹ cAMP run. Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ètò yìí kedere, lọ́dún 2010. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí wá pé ó wà nínú ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú.

Nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn ni abo ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá akọ. Bí àkókò bá tó, ẹṣẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ á tú LH púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rìsẹ́pítọ̀ tó ń gba LH, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LHCGR, pọ̀ lára ògiri fọ́líkù ńlá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni cumulus ní. Báwo wá ni ìròyìn LH ṣe ń dé inú? Granulosa tó gbọ́ LH á ṣe amphiregulin àti epiregulin, ẹ́ńsáìmù ADAM17 á gé wọn kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì lọ bá rìsẹ́pítọ̀ mìíràn lára cumulus, EGFR. EGFR á tan ERK1/2, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gbé ìròyìn nínú sẹ́ẹ̀lì. Láti ibẹ̀, cumulus á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hyaluronan, ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá, á sì wú. Àwọn ihò tó so ó mọ́ ẹyin á máa tì. cGMP á dínkù, PDE3A á rí àyè jẹ cAMP, CDK1 àti cyclin B, purotéènì méjì tó ń ti ẹyin sí pípín, á dìde, kóró ẹyin á sì túká. Nǹkan bí wákàtí 40 lẹ́yìn ìtújáde LH, ẹyin á bọ́.

Ojú ti mọjú, alárinà a yẹ̀ba. Àmọ́ alárinà tó bá yẹ̀ba kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, ó ba ìgbéyàwó jẹ́ ni. Bí iṣẹ́ wa nínú àwo ṣe rí nìyẹn: rìsẹ́pítọ̀ FSH ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, LHCGR ń hù tẹ̀ lé e, EGFR gba ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ń tì. A kò gbọ́dọ̀ yí ètò yìí padà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: láti odò ẹran dé láàbù

Ilé ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti pa fún jíjẹ ni a ń lò. Ẹ bá àwọn alápatà ṣàdéhùn ṣáájú kí wọ́n lè yọ ọ́ ní kété tí wọ́n bá ti la ikùn. Ẹ kó o sínú fùláásìkì tó ní omi iyọ̀ 0.9% tí ẹ ti po penicillin àti streptomycin mọ́, kí omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́, láàárín 30 sí 37 °C. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó dé láàbù.

Ẹ má ṣe kó o sí áìsì. Ojú ẹran ni wọ́n fi ń wo ohun gbogbo ní odò ẹran, ẹni tó bá sì fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ á fẹ́ bu áìsì lé e. Ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ kún fún ọ̀rá ju ti ọ̀pọ̀ ẹran lọ, òtútù tó bá sì lọ sísàlẹ̀ 15 °C a máa bà á jẹ́ kíákíá. Kò sí họ́mónù tó lè tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ wo ojú ilé ẹyin náà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa ni kò tíì wá akọ rí. Àwọ̀ ilé ẹyin wọn mọ́, kò ní kókó ńlá tí fọ́líkù tó ti bẹ́ máa ń fi sílẹ̀. Ti ìyá ẹlẹ́dẹ̀ tó ti bímọ ní irú kókó bẹ́ẹ̀, ẹyin inú rẹ̀ sì sábà máa ń lágbára láti di ọmọ ju ti ọmọge lọ. Ẹ má po méjèèjì pọ̀ nínú àwo kan. Ẹ sì ṣọ́ra fún ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà, tó pa ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ ní ọgbà Oke-Aro lọ́dún 2020: kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà àti ọwọ́ ènìyàn lè gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn. Bàtà odò ẹran kò gbọ́dọ̀ dé inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: fífa ẹyin jáde

Abẹ́rẹ́ 18 gauge àti sírínjì 10 ml ti tó. Ẹ fa fọ́líkù tó fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 6. Ẹyin inú èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ lè má tíì dàgbà tán, cumulus rẹ̀ kò sì tíì mọ bí a ṣe ń dáhùn. Ìwádìí lórí ẹlẹ́dẹ̀ ti fi hàn pé cumulus láti inú fọ́líkù kéékèèké kì í fẹ̀ bí EGF nìkan (purotéènì tó ń bọ́ sára EGFR) bá kàn án, nígbà tí ti fọ́líkù tó ti fẹ́ bẹ́ máa ń fẹ̀. Bí FSH bá kọ́kọ́ kan ti fọ́líkù kéékèèké náà, yóò kọ́ láti dá EGF lóhùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ẹ rọra fa. Ẹni tó bá fi agbára fà á ń bó cumulus kúrò lára ẹyin, rìsẹ́pítọ̀ ló sì ń bó dànù yẹn. Ẹ da omi tí ẹ fà sínú túùbù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun tó lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì fi omi HEPES (omi tí kíkan rẹ̀ kì í tètè yí padà) tó ní PVA (tí kì í jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ mọ́ nǹkan) fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yíyan ẹyin

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń yàtọ̀ síra. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ mú ẹyin tí cumulus yí ká dáadáa, tó tó ìpele mẹ́ta ó kéré tán, tí wọ́n fún mọ́ra, tí inú ẹyin fúnra rẹ̀ sì dúdú dọ́gba láìní àbàwọ́n. Ẹyin ìhòòhò, èyí tí cumulus rẹ̀ já ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti èyí tí cumulus rẹ̀ ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ gbogbo wọn kúrò. Kíkó wọn mọ́ra kí iye lè pọ̀ kò ṣàǹfààní rárá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹyin ìhòòhò lè tú kóró rẹ̀ ká fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń fi cGMP ránṣẹ́ sí i mọ́. Ẹni tó bá wo kóró nìkan á rò pé ó ti gbó. Ṣùgbọ́n ara ẹyin náà kò gbó. Cumulus ló ń ràn án lọ́wọ́ láti kó glutathione jọ, glutathione sì ni ẹyin fi ń tú orí àtọ̀ tó bá wọlé. Bí kò bá tó, àtọ̀ á wọlé, á sì wà níbẹ̀ bí ó ṣe wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pípo omi ìtọ́jú

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò nìyí, TCM-199, omi ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀:

- PVA 0.1%
- glucose 3.05 mM àti sodium pyruvate 0.91 mM
- cysteine 0.57 mM, fún glutathione tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan
- EGF 10 ng/ml
- FSH 0.5 µg/ml àti LH 0.5 µg/ml
- penicillin àti streptomycin

Àwọn mìíràn ń lo eCG àti hCG (họ́mónù oyún ẹṣin àti ti ènìyàn), 10 IU/ml ọ̀kọ̀ọ̀kan, dípò FSH àti LH. Ó ń ṣiṣẹ́, nítorí eCG lè bọ́ sára rìsẹ́pítọ̀ FSH ẹlẹ́dẹ̀, hCG sì ń bọ́ sára LHCGR. Àwọn kan tún ń fi omi inú fọ́líkù ẹlẹ́dẹ̀ 10% sí i. Ìyẹn a máa ran ẹyin lọ́wọ́, àmọ́ bí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ rìsẹ́pítọ̀ kan pàtó, ẹ má fi sí i, nítorí ẹ kò mọ họ́mónù tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Missouri gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní FLI: FGF2 40 ng/ml, LIF 20 ng/ml àti IGF1 20 ng/ml. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ròyìn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ sọ ìṣe wọn di ìlọ́po mẹ́rin ní ti iye ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rí, ohun tí ẹyọ kan nínú wọn kò lè dá ṣe. Bí owó yín bá ká a, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn tí omi ìpìlẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹ gbé omi náà sínú ínkúbétọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán kí ẹyin tó wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wákàtí 22 àkọ́kọ́

Ẹyin 50 sínú omi 500 µl, ooru 38.5 sí 39 °C, CO2 5%, kí afẹ́fẹ́ inú ínkúbétọ̀ rin dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ so ínkúbétọ̀ mọ́ ínfátà kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

FSH ló ń ṣáájú. Rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀ lára cumulus á pe purotéènì Gs, tó ń gbé ìròyìn wọ inú sẹ́ẹ̀lì, cAMP á sì gòkè nínú cumulus. Iṣẹ́ méjì ni èyí ń ṣe. Àkọ́kọ́, cAMP tó ń ṣàn wọ inú ẹyin á dá kóró dúró fún wákàtí díẹ̀ sí i, èyí á sì fún ara ẹyin láyè láti gbára dì. Èkejì, FSH ń mú kí cumulus hu rìsẹ́pítọ̀ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Hiroshima ní Japan ló là wá lójú: cumulus ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá kò ní LHCGR tó láárí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń wà nínú omi tó ní FSH, LHCGR ń yọ jáde lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí LH nìkan, láìsí FSH, kò fi ní ṣe ohun tí ẹ rò pé yóò ṣe. Kò tíì sí ẹni tó máa gbà á. Bí owó bá fi dandan mú kí ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, FSH ni kí ẹ rà.

FSH yìí kan náà ló ń mú kí cumulus ṣe amphiregulin tirẹ̀, tó sì ń sọ EGFR di ẹni tó ń dáhùn. Nítorí náà EGF tí ẹ fi sínú omi ń bá ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ lọ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyin gbogbo bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, ẹ fi dbcAMP, irú cAMP tí wọ́n ṣe ní láàbù, 1 mM kún un fún wákàtí 22 yìí. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì láìgba ọ̀dọ̀ rìsẹ́pítọ̀ kankan kọjá, ó sì ń dá kóró dúró títí ẹ ó fi mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ epo ṣe pàtàkì níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da epo mineral bo omi kó má baà gbẹ. Cumulus ń ṣe progesterone, ó sì ní rìsẹ́pítọ̀ fún un, èyí tó wà lára ohun tó ń ti àwọn ihò ìsopọ̀. Epo a máa fa progesterone àti estradiol jáde kúrò nínú omi. Bí àwo yín bá ní ìdérí tó dára, tí ínkúbétọ̀ sì rin dáadáa, ẹ ṣe ìpele yìí láìsí epo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wákàtí 22 kejì

Ẹ fọ ẹyin lẹ́ẹ̀mejì nínú omi tí kò ní FSH, LH tàbí dbcAMP, kí ẹ sì gbé e sínú irú omi bẹ́ẹ̀. EGF lè wà níbẹ̀. Láti ọdún 1993 ni a ti mọ̀ pé ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ tí a mú kúrò lọ́dọ̀ họ́mónù ní ìdajì ọ̀nà ń gba àtọ̀ tọ́jú ju èyí tó wà pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin. Cumulus ti gba iṣẹ́ tán. Bí FSH bá ṣì ń kan ilẹ̀kùn, cAMP kò ní rí àyè sọ̀kalẹ̀ dáadáa.

Ní àsìkò yìí, rìsẹ́pítọ̀ mìíràn tún bọ́ sójú iṣẹ́, CD44. Hyaluronan tí cumulus ṣe ni ó ń dì mú, ìwádìí lórí ẹlẹ́dẹ̀ sì fi hàn pé bí ẹ bá dí CD44, connexin 43 tó kọ́ àwọn ihò ìsopọ̀ náà kì í yí padà bó ṣe yẹ, ẹyin kì í sì gbó bó ṣe yẹ. Fífẹ̀ cumulus tí ẹ ń fi ojú rí jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà gan-an.

Mo fẹ́ kìlọ̀ kan fún ẹni tó ti ka ìwádìí eku púpọ̀. Nínú eku, bí ẹ bá yọ ẹyin kúrò, cumulus kì í fẹ̀. Nínú ẹlẹ́dẹ̀, ó lè fẹ̀ láìsí ẹyin. Nínú eku, kóró ń túká láìnílò purotéènì tuntun. Ti ẹlẹ́dẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé èsì eku lé ẹlẹ́dẹ̀ lórí.

Ìgbésẹ̀ keje: yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ní wákàtí 44, ẹ fi hyaluronidase 0.1% bó cumulus, ẹ rọra fi pípẹ́ẹ̀tì fà á wọlé fà á jáde fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ wá ègé kékeré tí ẹyin yà sọ́tọ̀ sí abẹ́ awọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní polar body. Fún ẹ̀rí tó dájú, ẹ kó díẹ̀ sínú acetic acid ìdá kan sí ethanol ìdá mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi orcein 1% pa á láró. Ní wákàtí 24, kóró ọ̀pọ̀ nínú wọn yẹ kó ti túká bí ẹ kò bá lo dbcAMP. Láàárín wákàtí 36 sí 44 ni wọ́n ń dé ìpele ìkẹyìn. Láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa rí nǹkan bí 80 nínú 100 tó gbó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fífi ẹ̀rí hàn pé rìsẹ́pítọ̀ ló ṣe é

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ìwádìí, àwo mẹ́rin ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan láìsí họ́mónù, ọ̀kan pẹ̀lú FSH nìkan, ọ̀kan pẹ̀lú FSH àti EGF, ìkẹrin pẹ̀lú FSH, EGF àti AG1478, tó ń di EGFR lójú. Ẹ fi DMSO tí ẹ fi po AG1478 sínú àwọn mẹ́ta yòókù ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ fún fífẹ̀ cumulus ní máàkì láti 0 dé 4, kí ẹni tó ń fún un má mọ àwo tó ń wò. Ẹ tún un ṣe ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ẹyin ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwo kẹrin kò bá fẹ̀ tí kò sì gbó nígbà tí àwo kejì àti ìkẹta ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń gbó, ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ FSH fúnra rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ EGFR kọjá.

Bí nǹkan kò bá lọ déédéé

Cumulus kò fẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fura sí FSH. Dídì tó ń dì tó ń yọ́ léraléra a máa bà á jẹ́, nítorí náà ẹ pín in sí túùbù kéékèèké lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Láti mọ̀ dájú, ẹ fi forskolin sínú àwo kan. Ó ń gbé cAMP sókè láìbéèrè lọ́wọ́ rìsẹ́pítọ̀. Bí cumulus inú rẹ̀ bá fẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yín yè, FSH ni kò dára. Bí kò bá fẹ̀, ẹ padà lọ wo ooru fùláásìkì àti ọwọ́ ẹni tó ń fa sírínjì.

Cumulus fẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n kóró dúró: ó ṣeé ṣe kí dbcAMP ṣẹ́kù. Ẹ fi ìfọ̀ kan kún un ní wákàtí 22.

Kóró gbó ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń ti ibẹ̀ jáde: ẹ wo cysteine, ẹ wo ìpele cumulus tí ẹ yàn, kí ẹ sì ka iye àtọ̀ tó wọ ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwo sábà máa ń gba àtọ̀ púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyẹn bá ni, ẹ dín iye àtọ̀ kù àti wákàtí tí àtọ̀ àti ẹyin fi wà pa pọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan omi ìtọ́jú.